Láti orí àpáta dé inú ìwé: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ṣàpèjúwe ewéko afomipamọ́ tuntun, kó sì fún un lórúkọ

Ní Ilé-Ifẹ̀, ewéko tó ń fi omi pamọ́ sára kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dúndún wà lẹ́yìnkùlé àwọn àgbà, àbámọdá ń hù lẹ́bàá ògiri, gbúre wà nínú ọbẹ̀, pàpásan ń ràn lórí ilẹ̀ yanrìn, ọjà ìkòokò sì dúró ṣánṣán lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gun àwọn òkè olókùúta tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tàbí tí ẹ gba ọ̀nà Iléṣà kọjá dé àwọn òkè Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ lè pàdé èyí tí ọdẹ tó mú yín gùnkè pàápàá kò mọ̀. Ilẹ̀ orí àpáta kò jìn. Bí òjò ṣe ń rọ̀ ni omi ń ṣàn lọ, oòrùn á sì gba ibẹ̀. Ewéko tí kò bá lè tọ́jú omi sínú ewé, igi tàbí gbòǹgbò rẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Igbó àti oko ló sì wà láàárín àpáta kan sí èkejì, irúgbìn kì í sì í rọrùn sọdá wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà kan fi lè wà lórí òkè kan tàbí méjì péré ní gbogbo ayé.

Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, olùtọ́jú ọgbà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ewéko lè ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé orúkọ ló kéré jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan lè tó láti rí orúkọ tó dára. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù ni fífi ewéko náà wé àwọn ìbátan rẹ̀, àti mímú un gbẹ dáadáa kó lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún níbi tí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ti lè lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó ti lórúkọ

Kí ẹ tó sọ pé tuntun ni, ẹ sa gbogbo ipá yín láti fi hàn pé kì í ṣe tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á parí sí, kò sì sóhun tó burú nínú ìyẹn.

Ẹ wádìí bóyá àlejò ni. Àbámọdá tó mọ́ wa lára tó yìí, tí a ń fi oje ewé rẹ̀ wo ikọ́ fún ọmọ, Madagásíkà ni orírun rẹ̀. Gbogbo ẹbí cactus, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, àfi ẹ̀yà kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, tó tún ń hù lára igi ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹlẹ́gùn-ún olómi nínú igbó wa, yálà ó ti inú ọgbà ẹnì kan sá jáde ni, tàbí kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orọ́, ìyẹn ìdílé Euphorbia. Ẹ fi ọ̀bẹ kàn án díẹ̀: tí oje funfun bá ṣàn, ìdílé orọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn tí a ń gbìn fún ẹwà tún máa ń gùn mọ́ra wọn. Kalanchoe × houghtonii, tí ẹ̀yà méjì láti Madagásíkà jọ bí, ti di ewéko ìgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé òun ti rí ohun àràmàǹdà.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tó dúró sí. Ewé àbámọdá kékeré máa ń jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá dàgbà, ewé kan náà á pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún. Nínú oòrùn, ewé rẹ̀ á kéré, á nípọn, etí rẹ̀ á sì pọ́n. Lábẹ́ ibòji, á fẹ̀, á sì tutù yọ̀yọ̀. Mo ti rí àwọn tó pe ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́ta. Ọ̀nà àtibọ́ nínú àṣìṣe yìí rọrùn, sùúrù nìkan ló gbà: ẹ bẹ ewéko náà wò nígbà òjò, kí ẹ sì tún bẹ̀ ẹ́ wò nígbà ọyẹ́. Ẹ mú ẹ̀ka kan, kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà tó jọ ọ́ jù, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà, ibòji kan náà. Ìyàtọ̀ tó bá ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan, ìyẹn ni ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀

Kò sí àpáta tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ẹ lọ rí baálẹ̀, ẹ lọ rí ìdílé tó ni oko, ẹ mú ọdẹ àdúgbò dání. Tó bá jẹ́ igbó ìjọba, ilé iṣẹ́ igbó ìpínlẹ̀ ni ìwé àṣẹ ti ń wá. Tó bá jẹ́ inú ọgbà yunifásítì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Tí wọ́n bá ní igbó òrìṣà ni, pé a kì í já ewé níbẹ̀, ẹ má já a.

Bí ẹ ti ń tọrọ àyè náà ni kí ẹ máa béèrè orúkọ. Ẹ bi àgbẹ̀, ẹ bi ọdẹ, ẹ mú àwòrán rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá eléwé-ọmọ lọ́jà. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n bá pè é, kí ẹ kọ ìlú tí ẹni tó sọ ọ́ ti wá mọ́ ọn, nítorí ohun tí ará Ifẹ̀ ń pè lè yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀ṣà. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá kà á pé ewéko kan "kò lórúkọ" nígbà tí ìyá kan ti ń tà á lórí àtẹ láti ìgbà èwe rẹ̀. Tuntun ni sí ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ìwòsàn, tiwọn nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde àfi tí wọ́n bá gbà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọ̀pọ̀ jù lọ Euphorbia afomipamọ́ àti gbogbo Aloe, àfi Aloe vera nìkan, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn tó ń darí òwò ewéko àti ẹranko láàárín orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi irú wọn ránṣẹ́ sókè òkun, kódà kó jẹ́ ewé gbígbẹ, ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ bá a lọ, àfi tó bá jẹ́ pé láàárín ilé ìkówé-pamọ́ méjì, ìyẹn ibi tí a ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, tó ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Gígé e àti kíkọ ohun tí ojú rí

Ẹ dúró dìgbà tó bá tanná. Láìsí òdòdó, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ ìdílé tó ti wá dájú, tó bá sì ní èso pẹ̀lú, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ̀bẹ. Tí wọn kò bá tó ogún, ẹ má fa ọ̀kankan tu. Ẹ̀ka tó lódòdó nìkan ni kí ẹ gé.

Ẹ ya àwòrán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: òkè náà látòkèèrè, ewéko náà lódindi, ewé rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, òdòdó rẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti nígbà tí ẹ bá là á sí méjì. Ẹ fi rúlà sínú àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò pòórá bí ó bá gbẹ: àwọ̀ òdòdó, òórùn, àwọ̀ oje, bí ewé ṣe nípọn tó, bóyá ó ń dán tàbí ó ní ìyẹ̀fun funfun lára, bóyá ó dúró tàbí ó ń ràn. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, nítorí tádà á ṣàn bí òjò bá kan ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ òkè náà, ibi tó wà gẹ́gẹ́ bí fóònù yín ṣe sọ ọ́, gíga ibẹ̀, irú àpáta, àti àwọn ewéko tó yí i ká. Ẹ fún un ní nọ́ńbà. Olúkúlùkù tó ń já ewé ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 tí kò sì gbọ́dọ̀ tún padà sẹ́yìn títí ayé rẹ̀. Orúkọ yín àti nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò máa fi pe ewé náà.

Tó bá jẹ́ orọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì tó bo ojú. Oje rẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Tó bá ta síni lójú, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ mú díẹ̀ sínú silica gel, àwọn hóró kékeré tó ń fa omi mu, fún àyẹ̀wò DNA. Má ṣe mú inú ewé tó kún fún omi, nítorí oje tó ń yọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dí àyẹ̀wò náà lọ́wọ́. Ẹ bó awọ òkè ewé ní pẹlẹbẹ, tàbí kí ẹ mú òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ìgbésẹ̀ 4: Mímú un gbẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, òun náà ló sì fà á tí ewéko afomipamọ́ kò fi pọ̀ nínú àwọn ilé ìkówé-pamọ́. Àwọn tó ń já ewé máa ń fò wọ́n dá nítorí wàhálà wọn. Ẹ tẹ ewé igi kòkó sáàárín ìwé ìròyìn, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti gbẹ. Ẹ tẹ àbámọdá, á máa wà láàyè lọ́sẹ̀ mélòó kan, á tún hu ọmọ létí ewé nínú ìwé ìròyìn náà! Awọ rẹ̀ nípọn, kò sì fẹ́ jẹ́ kí omi jáde. Bí ó ti ń jìjàkadì bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ yóò máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èébu á sì bò ó. Ohun tó kù lẹ́yìn náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á. Omi híhó ló yá jù: ẹ di òdòdó mú lókè, kí ẹ ri ewé àti igi bọ omi náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún. Òdòdó kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi híhó. Ẹ tún lè rẹ ẹ́ sínú ọtí ethanol mọ́jú, tàbí kí ẹ gbé e sínú firísà fún òru kan tàbí méjì, tí iná ọba bá lè dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú bíléèdì, kí ẹ la ewé tó nípọn sí méjì ní òró, kí ẹ ha omi àti ẹran inú rẹ̀ kúrò, kí awọ àti etí ewé wà lódindi. Ẹ tẹ́ apá kan kó dojú kọ òkè, kí èkejì dojú bolẹ̀, kí ẹni tó bá ń wò ó lè rí ìhà méjèèjì. Fún igi orọ́, ẹ gé pẹlẹbẹ kan ní ìbú tí yóò fi iye igun rẹ̀ hàn, kí ẹ tún bó awọ ẹ̀gbẹ́ kan ní òró pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ fi páálí onígun-ń-gun tí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn dè é mọ́ pákó méjì.

Nígbà òjò, ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ títí yóò fi gbẹ. Èmi á dá a lábàá pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí nígbà ọyẹ́ tí ewéko náà bá ń tanná nígbà náà, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ oṣù Kejìlá àti Kìn-ín-ní á bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àpótí tí gílóòbù ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀ á ṣe é. Ẹ má gbé e sórí ààrò. Ooru tó pọ̀ jù á sọ ọ́ di dúdú, á sì máa fọ́.

Òdòdó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ethanol ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, 70%, wà nínú rẹ̀, nítorí òdòdó tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè fi bí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe tò hàn mọ́. Ògógóró kò yẹ fún èyí, agbára rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà yín sórí bébà kékeré, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ewé tí ẹ tẹ̀ pé ìgò kan wà tó bá a rìn. Òfin àgbáyé fún orúkọ ewéko gbà kí ewé gbígbẹ àti ìgò jọ jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àkọlé wọn bá so wọ́n pọ̀.

Ẹ gé èyí tó tó bébà mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi kan náà, lọ́jọ́ kan náà, tí ewéko náà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Wíwọ̀n àti kíkà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: gbòǹgbò, igi, ewé, ẹ̀ka òdòdó, òdòdó, èso, irúgbìn. Ẹ wọn ewéko tó tó mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ ọ́ nìyí: (2–)3–8(–11) cm. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ewé wà láàárín 3 sí 8, ṣùgbọ́n a rí ọ̀kan tó jẹ́ 2 àti ọ̀kan tó jẹ́ 11. Ẹ sọ bóyá tútù ni ẹ wọ̀n ọ́n tàbí gbígbẹ. Bí ewé ṣe nípọn tó kò ṣeé wọ̀n mọ́ bó bá ti gbẹ.

Kíkà inú òdòdó ló ń sọ ìdílé. Nínú ìdílé Kalanchoe, tí ọ̀dúndún wà, mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo nǹkan: ewé ìdí òdòdó mẹ́rin, ewé aláwọ̀ mẹ́rin, akọ òdòdó mẹ́jọ, abo mẹ́rin. Tí ẹ bá ka márùn-ún léraléra, ẹ wá ìdílé mìíràn. Nínú orọ́, ohun tí a rò pé ó jẹ́ òdòdó kan jẹ́ àwo kékeré tí ọ̀pọ̀ òdòdó wà nínú rẹ̀: àwọn akọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní okùn kan péré, àti abo ẹyọ kan láàárín tí yàrá inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Dígí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá tó fún èyí.

Ìgbésẹ̀ 6: Fífi wé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ẹ ó wò níhìn-ín ni ilé ìkówé-pamọ́, tí wọ́n ń pè ní herbarium. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, IFE ni àmì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó tóbi jù ní Nàìjíríà wà ní Ìbàdàn, ní ilé ìwádìí igbó, FHI ni àmì tirẹ̀. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo páálí ìdílé náà, kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

Ìwé tó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún wa ni Flora of West Tropical Africa, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde láàárín 1954 sí 1972. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, orúkọ púpọ̀ ti yí láti ìgbà náà. Ọjà ìkòokò tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní Sansevieria liberica ti di Dracaena liberica, nítorí àyẹ̀wò DNA fi hàn pé inú Dracaena ni gbogbo Sansevieria wà. Ẹni tó bá wá orúkọ lábẹ́ Sansevieria nìkan lè má rí ẹ̀yà tí wọ́n ṣàpèjúwe lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Plants of the World Online á sọ orúkọ tó dúró lónìí, IPNI á sọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde rí, JSTOR Global Plants á fi àwòrán àwọn ewé-ẹ̀rí hàn yín, Biodiversity Heritage Library á sì jẹ́ kí ẹ ka àwọn ìwé àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ewé-ẹ̀rí ni ewé gbígbẹ tí orúkọ kan so mọ́ títí láé, òun ni wọ́n ń pè ní type. Ẹ má fi tiyín wé àpèjúwe inú ìwé nìkan. Ewé-ẹ̀rí gan-an tàbí àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ fi wé. Ẹ rántí pé ewéko kò mọ ààlà. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ tuntun ní Ifẹ̀ lè ti gba orúkọ láti ilẹ̀ Dahomey àtijọ́, kí àpèjúwe rẹ̀ wà ní èdè Látìn tàbí Faransé, kí ewé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Paris.

Ẹ wá ìbátan méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ to gbogbo àbùdá wọn sínú tábìlì. Ní tèmi, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo kò tó, pàápàá tó bá jẹ́ ti àwọ̀ tàbí ti ìtóbi. Mo fẹ́ rí méjì tàbí mẹ́ta tó ń bá ara wọn rìn, tí ọ̀kan wọn ó kéré tán wà nínú òdòdó tàbí èso, tí a kò sì rí ewéko kankan tó dúró sáàárín méjèèjì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ ìdílé náà dunjú kó bá yín wò ó. Tí ìyàtọ̀ náà bá wó lulẹ̀, tó sì wá jẹ́ ẹ̀yà tí wọn kò tíì kọ sílẹ̀ rí ní Nàìjíríà, ẹ tẹ ìyẹn jáde. Ó wúlò gidigidi.

Ìgbésẹ̀ 7: Orúkọ

Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ ewéko: ti ìdílé níwájú, àbísọ lẹ́yìn. Láti ìgbà ìwé Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ti 1 oṣù Karùn-ún 1753 ni a ti ń ka orúkọ tó lẹ́tọ̀ọ́. Àbísọ lè wá láti èdè èyíkéyìí, títí kan Yorùbá. Orógbó ń jẹ́ Garcinia kola, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni kola.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò lè wọlé: ẹ á di e, ọ á di o, ṣ á di s. Tí àbísọ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣàpèjúwe ní Látìn, ó gbọ́dọ̀ bá ìdílé mu ní akọ tàbí abo. Àbámọdá fi èyí hàn kedere. Nígbà tí wọ́n bá fi í sínú Kalanchoe, tó jẹ́ abo, pinnata ló ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fi í sínú Bryophyllum, tí kì í ṣe akọ tí kì í sì í ṣe abo, ó di pinnatum. Fún ìlú, -ensis la máa ń fi kún un: Kalanchoe láti Ifẹ̀ á jẹ́ ifeensis, ṣùgbọ́n nínú ìdílé bíi Bryophyllum á di ifeense.

Orúkọ ènìyàn ní òfin tirẹ̀. Tó bá parí sí a, e la ó fi kún un, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin: Odùduwà á di oduduwae. Tó bá parí sí fáwẹ̀lì mìíràn, i ni ti ọkùnrin, ae ni ti obìnrin: Adébáyọ̀ á di adebayoi, Mọremí á di moremiae. Tó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì, bí Akin, ii ni ti ọkùnrin, iae ni ti obìnrin: akinii.

Àbísọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ìdílé. Kò sí ohun tó lè jẹ́ Cola cola. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò nínú ìdílé yẹn, kódà tí a kò bá lo orúkọ yẹn mọ́. IPNI ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin kò kọ̀ fún ènìyàn láti fi orúkọ ara rẹ̀ pe ewéko, ṣùgbọ́n kò bójú mu. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó lè tàbùkù ẹnikẹ́ni pẹ̀lú. Ní ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Madrid ní oṣù Keje 2024, àwọn onímọ̀ dìbò pé kí gbogbo ewéko tó ń jẹ́ caffra, tó wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà, máa jẹ́ affra. Bí Erythrina caffra ṣe di Erythrina affra nìyẹn.

Ohun tí èmi fẹ́ràn jù ni kí a mú orúkọ tí àwọn ará òkè náà ń pè é, ká fi ṣe àbísọ láìyí i padà. Orúkọ ìlú dára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá rí i ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀la, á máa ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Tó bá jẹ́ ọdẹ tó fi ọ̀nà hàn yín ni ẹ fẹ́ bọlá fún, ẹ béèrè lọ́wọ́ òun tàbí ẹbí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 8: Títẹ̀ ẹ́ jáde kó lè dúró

Òfin tó ń darí èyí ni òfin àgbáyé fún orúkọ ewéko, tí ẹ̀dà ti Madrid rẹ̀ jáde ní 2025. Ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú sp. nov., ìyẹn "ẹ̀yà tuntun" ní Látìn, lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ àpèjúwe kíkún, tàbí ìpínrọ̀ kúkúrú tó sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀; èmi á ní kí ẹ kọ méjèèjì. Láti 1935 títí di ìparí 2011, Látìn nìkan ni òfin gbà. Láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2012, ó gba Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àpèjúwe ní èdè Yorùbá nìkan kò tíì lè mú orúkọ dúró, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kí ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó fi ọ̀nà hàn yín lè kà á.

Ẹ sọ ewé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ní pàtó: orúkọ ẹni tó já a, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, ibi tó ti já a. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà holotype, kí ẹ sì dárúkọ herbarium tó wà. Ewéko tó ń hù nínú ìkòkò kò lè jẹ́ ewé-ẹ̀rí, àwòrán fóònù náà kò sì tó. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí ewé-ẹ̀rí ewéko Ifẹ̀ kò fi ní wà ní IFE, kí àwọn ìkejì rẹ̀ lọ sí FHI àti sí Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń jẹ́ K. Tí iná tàbí kòkòrò bá ba ọ̀kan jẹ́, èkejì á wà.

Ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jáde ṣe pàtàkì. Ìwé ìwádìí tí a tẹ̀ sórí bébà, tàbí tó jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF pẹ̀lú ISSN tàbí ISBN, ni òfin gbà. Facebook, WhatsApp, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, àti iṣẹ́ àṣekágbá tó kàn wà lórí pẹpẹ ìwé ní yunifásítì kò lè mú orúkọ dúró. Phytotaxa, PhytoKeys àti Kew Bulletin ń gba irú iṣẹ́ yìí; Bradleya àti Haseltonia sì wà fún ewéko afomipamọ́ gan-an. Phytotaxa kì í fi dandan gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tuntun náà jáde níbikíbi kí ìwé yín tó jáde.

Ìgbésẹ̀ 9: Ààbò rẹ̀

Ẹ fi ibi tó wà gan-an pamọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olè ti hú Conophytum lọ́pọ̀ yanturu láti tà á fún àwọn tó ń kó ewéko kékeré jọ. Nínú ìwé yín, ẹ kọ ìjọba ìbílẹ̀ àti irú àpáta. Kí nọ́ńbà ibi tó wà gan-an dúró sọ́dọ̀ herbarium.

Ẹ ṣírò bí ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó gẹ́gẹ́ bí ìlànà IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ewéko àti ẹranko. A ń pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tó jẹ́ km 2 ní òró, km 2 ní ìbú, a sì ń ka èyí tí ewéko náà wà. GeoCAT, irinṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á bá yín ṣe ìṣirò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yà tí àgbègbè rẹ̀ kò tó 10 km², tó wà ní ibi kan ṣoṣo, tó sì ń dínkù, wà nínú ewu tó le jù lọ. Ẹ kọ ohun tó ń lé e: àwọn tó ń fọ́ òkúta, iná ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oko, àti wíwa góòlù ní agbègbè Iléṣà.

Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí IPNI, sí IFE, sí FHI àti sí baálẹ̀; kí ti baálẹ̀ wà ní Yorùbá. Ẹ gbìn díẹ̀ láti ara ẹ̀ka sínú ọgbà ewéko yunifásítì. Tí èso tàbí irúgbìn kò bá sí nínú àpèjúwe àkọ́kọ́, ẹ padà gun òkè náà lẹ́yìn ìgbà tó bá tún tanná, ẹ já a pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kí ẹ sì tẹ àfikún jáde.